Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Ilé-Iṣẹ́ Pààrọ̀ Ètò Kọ̀ǹpútà Rẹ̀

Kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ ṣe tí kì í gbó. Aṣọ a máa gbó, orùlé páànù a máa dípẹtà, ọ̀nà ọlọ́dà a sì máa lu ihò. Ṣùgbọ́n gbígbó àwọn nǹkan wọ̀nyí hàn sí ojú: onílé yóò rí ibi tí òjò ti ń wọlé, ọlọ́kọ̀ yóò sì gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ké. Ohun kan wà ní ayé òde òní tí ó ń gbó láìdún láìfọhùn. Ó lè máa ṣiṣẹ́ dáradára ní òwúrọ̀, kí ó sì sọ olówó rẹ̀ di aláìní kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun náà ni ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà àgbà ilé-iṣẹ́. Ìbéèrè tí ó ń da ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ láàmú ni èyí: nígbà wo ni ó yẹ kí a pa ètò àtijọ́ tì, kí a sì gbé tuntun sí ipò rẹ̀?

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìtàn àwọn Òṣómàáló kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí a máa kó aṣọ lọ tà láwìn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní àwọn kò ní dìde títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ṣùgbọ́n agbára Òṣómàáló kò sí nínú ìlóṣòó nìkan. Ó wà nínú pé ó mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó, ó mọ iye tí ó jẹ, ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n jọ dá. Bí ìṣirò yìí bá sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà ta ni yóò lóṣòó sí?

Ohun tí ìṣirò yìí jẹ́ fún Òṣómàáló ni sáfà jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òde òní. Sáfà ni kọ̀ǹpútà àgbà kan tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń wá gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ká ní oníṣòwò ohun ìkọ́lé kan ní ìsọ̀ ní Station Road ní Òṣogbo, tí ó sì tún ní òmíràn ní Ọ̀kẹ̀sà ní Iléṣà. Bí akọ̀wé tí ó wà ní Iléṣà bá ta àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá, sáfà ni yóò yọ mẹ́wàá kúrò nínú iye tí ó kù, ẹni tí ó wà ní Òṣogbo yóò sì rí i lójú ẹsẹ̀. Orúkọ àwọn onígbèsè, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, iye ọjà tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, inú sáfà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n irin àti wáyà lásán ni sáfà bí kò bá sí ètò aṣàkóso nínú rẹ̀. Ètò aṣàkóso dà bí baálé nínú agbo ilé. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà, òun ni ó ń pinnu ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí a óò tì síta. Orí rẹ̀ ni ètò ìṣirò owó, ètò ọjà àti ètò owó oṣù dúró lé. Android ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ọ̀pọ̀ fóònù. Windows Server àti Linux ni a sábà máa ń bá nínú sáfà.

Báwo wá ni ohun tí kì í ṣe ẹran ara, tí kì í sì í ṣe irin, ṣe ń gbó? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ètò náà fúnra rẹ̀ kò yí padà. Ayé tí ó yí i ká ni ó ń yí padà. Ènìyàn ni ó kọ àwọn ètò wọ̀nyí, kò sì sí ohun gígùn tí ènìyàn kọ tí àṣìṣe kò ní sí nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn amòye àti àwọn olè ń rí ihò tuntun tí a lè gbà wọ inú wọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ètò náà bá gbọ́, yóò ṣe àtúnṣe tí yóò dí ihò ọ̀hún, yóò sì fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí gbogbo àwọn tí ń lo ètò náà.

Ìtọ́jú yìí ní òpin. Microsoft dá ìtọ́jú Windows Server 2003 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2015. Ti Windows Server 2008 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ti Windows Server 2012 sì parí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ọjọ́ tí a dá fún Windows Server 2016 ni ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá kọjá, sáfà kò ní kú. Yóò máa ṣiṣẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹni tí ń lò ó kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí: ihò tuntun yóò máa yọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò máa dí i mọ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé níwọ̀n ìgbà tí sáfà bá ṣì ń jíṣẹ́, ìnáwó lásán ni kí a pààrọ̀ ètò rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2017 fi hàn bí irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe lè náni ju owó lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún náà, Microsoft fi àtúnṣe kan jáde láti dí ihò kan nínú Windows. Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, tí ètò búburú kan tí a ń pè ní WannaCry fi gba inú ihò yìí kan náà wọ kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150. Ó ti ìwé inú wọn pa bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó sì ní kí àwọn tí ó ni wọ́n san owó ìtúsílẹ̀. Ní ilẹ̀ England, nǹkan bí 80 nínú 236 àjọ ìwòsàn ìjọba ni ọ̀ràn náà kàn. A fojú díwọ̀n pé àwọn aláìsàn tí a yẹ àdéhùn wọn pẹ̀lú dókítà tó 19,000. Ẹni tí ó bá ti rí bí èrò ṣe máa ń tò ní òwúrọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá, bí irú Wesley Guild ní Iléṣà, yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí a sọ fún aláìsàn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá pé kí ó padà sílé nítorí pé ìwé rẹ̀ kò ṣeé ṣí.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ọ̀ràn yìí tí ènìyàn púpọ̀ kì í kíyè sí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó kó àrùn náà ní àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn kì í ṣe èyí tí a ti pa ìtọ́jú rẹ̀ tì. Windows 7 ni ó wà nínú wọn, Microsoft sì ń tọ́jú rẹ̀ nígbà náà. Oògùn ti wà nílẹ̀, a kò lò ó ni. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Èkíní ni àtúnṣe kéékèèké tí ń dé lóṣooṣù. Èkejì ni pípààrọ̀ ètò aṣàkóso lódindi. Èkíní kò yẹ kí ó pẹ́ ju ọjọ́ díẹ̀ tí a óò fi dán an wò lọ. Èkejì ni ó ń fẹ́ ìmọ̀ràn àti ìdájọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni òun kò tíì tún ṣe, nítorí pé WannaCry a máa fò láti ara kọ̀ǹpútà kan sí ara èkejì nínú ilé-iṣẹ́ kan náà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Bí ìlọ́ra ti léwu, bẹ́ẹ̀ ni ìkánjú náà léwu. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, báńkì TSB ní ilẹ̀ Britain kó àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún láti orí ètò àtijọ́ lọ sí orí tuntun láàárín ìparí ọ̀sẹ̀ kan. Àkọsílẹ̀ náà dé ibi tí ó ń lọ láìfọ́, ṣùgbọ́n ètò tuntun kò lè ru ẹrù tí a gbé lé e lórí. Àwọn oníbàárà tí kò lè dé ìdí owó wọn tó mílíọ̀nù 1.9. Oṣù Kejìlá ọdún náà dé kí iṣẹ́ báńkì náà tó padà bọ̀ sípò pátápátá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé báńkì náà lórí, nítorí pé kò ṣètò iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ kí ó ṣètò rẹ̀.

Irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ilé. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn báńkì Nàìjíríà mélòó kan, tí Sterling, Zenith àti GTBank wà lára wọn, pààrọ̀ ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò owó àwọn oníbàárà wọn. Ètò báńkì ni wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe ètò aṣàkóso sáfà nìkan, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni ó de méjèèjì. Ìdíwọ́ bá iṣẹ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì lè fi owó ránṣẹ́ tàbí kí wọ́n gbà á fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí báńkì má tún ètò rẹ̀ ṣe. Ohun tí ọ̀ràn náà kọ́ni ni pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń pààrọ̀ ètò, kì í ṣe òun nìkan ni ó ń sọdá odò. Ìyá tí ó fẹ́ ra iṣu ní ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ san owó ilé-ìwé.

Níwọ̀n bí ìlọ́ra kò ti dára, tí ìkánjú kò sì sàn jù ú lọ, kí ni a óò fi mọ àkókò? Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bi ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò ohun ìkọ́lé wa ti Òṣogbo àti Iléṣà ṣe àpẹẹrẹ.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: ọjọ́ wo ni ìtọ́jú ètò yìí yóò parí? Kí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa rí i, kí ó sì ka ọdún kan padà sẹ́yìn. Ìgbà náà ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ó sì máa tún ọjọ́ náà wò láti ìgbà dé ìgbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ lè yí padà. CentOS 8, tí ó jẹ́ ẹ̀yà Linux kan, jáde ní ọdún 2019, àwọn tí ń lò ó sì ti fọkàn sí i pé a óò tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún 2029. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni àwọn tí ó ṣe é kéde pé ìtọ́jú náà yóò parí ní ìparí ọdún 2021. Àwọn tí wọ́n rò pé àwọn ní ọdún mẹ́jọ kù rí i pé ọdún kan péré ni ó ṣẹ́ kù. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ìbéèrè kejì: kí ni ó dúró lórí ètò yìí? Bí a bá fẹ́ yọ òpó kan nínú ilé, a óò kọ́kọ́ wo òkè láti mọ ohun tí òpó náà gbé dúró. Kí oníṣòwò yìí ka gbogbo ètò tí ó wà lórí sáfà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ti ìṣirò ọjà, ti owó oṣù, ẹ̀rọ tí ń tẹ rìsíìtì, àti ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà Iléṣà ń gbà bá ti Òṣogbo sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó bi àwọn tí ó ta ètò wọ̀nyí fún un bóyá wọn yóò ṣiṣẹ́ lórí ètò aṣàkóso tuntun. Ó lè jẹ́ pé ètò ìṣirò ọjà tí ó rà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò mọ èyí tuntun rárá. Bí ó bá mọ èyí ní ọdún kan ṣáájú, ìṣòro tí ó ṣeé yanjú ni. Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó pààrọ̀ ètò ni ó mọ̀ ọ́n, ìsọ̀ méjèèjì yóò tì.

Ìbéèrè kẹta ni ó wúwo jù: bí ọ̀ràn bá wọ́, ọ̀nà wo ni a óò gbà padà? Ẹni tí ó fẹ́ la odò Ọ̀ṣun kọjá nígbà òjò kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ fi wọn bí omi ti jìn tó. Ọ̀pá tí à ń fi wọn irú odò yìí ni kọ̀ǹpútà mìíràn tí a óò gbé ètò tuntun sí, tí a óò da ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sí, tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì fi ṣe iṣẹ́ àṣewò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sì wà ní ìpamọ́ ní ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹ̀dà ti Òṣogbo wà ní Iléṣà, kí iná tàbí olè má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó sì yẹ kí a gbìyànjú láti ṣí ẹ̀dà náà kí ọjọ́ tó pé, nítorí pé ẹ̀dà tí a kò tíì dán wò, ìrètí lásán ni.

Nígbà tí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí bá ti ní ìdáhùn ni a tó lè yan ọjọ́ gan-an. A kì í tú orùlé nígbà tí òjò ń rọ̀. Kí oníṣòwò náà yẹra fún ìparí oṣù tí owó àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde. Kí ó yẹra fún oṣù Kẹjọ tí èrò ọdún Ọ̀ṣun ń kún Òṣogbo, àti oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń ti ilé lóko wá fún Ìwúdé àti Kérésìmesì. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní àkókò tí ọjà kò yá ni ó dára jù, kí gbogbo ọjọ́ Àìkú lè wà fún àtúnṣe. Kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí bátìrì sì ti kún, nítorí pé bí iná bá lọ nígbà tí ètò tuntun kò tíì wọlé tán, sáfà lè má jí mọ́. Kí a sì ti fẹnu kò ṣáájú lórí wákàtí kan: bí iṣẹ́ kò bá tíì tọ́ títí di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí a padà sí orí ètò àtijọ́ láìjiyàn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí kò ní alẹ́ Sátidé tí ọjà dákẹ́. Ní Òṣogbo kan náà ni ibùdó àpapọ̀ tí a ti ń darí ìrìn iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà. Tọ̀sán-tòru ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣọ́ ọ kí iye iná tí a ń pèsè lè bá iye tí a ń lò dọ́gba. Bí ìdọ́gba yìí bá bàjẹ́, òkùnkùn lè bo ìlú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gbára lé ibì kan ṣoṣo. Ibùdó tí ó jẹ́ àtìlẹ́yìn fún ti Òṣogbo wà ní Ṣìróró ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ìlànà tí ó yẹ ibi tí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró ni pé kí sáfà jẹ́ méjì. A óò pààrọ̀ ètò ti èkíní nígbà tí èkejì ń ru ẹrù. Nígbà tí èkíní bá ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, yóò gba ẹrù náà, a ó sì wá tún èkejì ṣe. Ó ń náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dín sí iye tí òkùnkùn yóò náni.

Ṣé kò wá sí ìgbà tí ó tọ́ kí a dúró? Ó wà. Ètò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóòjọ́ sábà máa ń ní àléébù tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú bí ilé-iṣẹ́ kékeré bá fi oṣù mélòó kan wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó, níwọ̀n ìgbà tí ìtọ́jú ètò àtijọ́ bá ṣì ń lọ. Bí owó kò bá tíì tó, tàbí tí ètò pàtàkì kan kò bá lè ṣiṣẹ́ lórí tuntun, a lè yọ sáfà àtijọ́ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí a sì dín àwọn tí ó lè fọwọ́ kàn án kù. Microsoft tilẹ̀ ta ìtọ́jú ọdún mẹ́ta lé ti tẹ́lẹ̀ fún àwọn tí ń lo Windows Server 2008 àti ti 2012. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ni wọ́n fi owó rà, wọn kò ra ìwòsàn. Ẹni tí ó bá dúró gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí ó ń dúró dè àti ọjọ́ tí ìdúró náà yóò parí. Bí kò bá lè sọ ọ́, kì í ṣe ìdúró mọ́, ìgbàgbé ni.

Nítorí náà, kì í ṣe jíjáde ètò tuntun ni ó ń sọ pé àkókò tó, kì í sì í ṣe ìgbà tí ètò àtijọ́ bá dákú. Àkókò tó nígbà tí òpin ìtọ́jú bá ti hàn lọ́ọ̀ọ́kán, tí a ti mọ ohun tí ó dúró lórí ètò náà, tí a sì ti dán ọ̀nà àtilọ àti ọ̀nà àtibọ̀ wò. Òṣómàáló kì í gbàgbé ọjọ́ tí òun àti onígbèsè jọ dá. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń lo sáfà náà ní ọjọ́ tí a ti dá fún un. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sì múra dè é, olè ni yóò bá a pé ọjọ́ náà.